Ọ̀ràn Kùkúmbà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Jámánì. Inú rírun ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde. Fún àwọn kan, ibẹ̀ ló mọ. Fún àwọn mìíràn, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú jù, àmọ́ lọ́dún yẹn, àgbàlagbà ló ń dùbúlẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Keje, ó lé ní 3,800 ènìyàn tó ti mú ní Jámánì, ó sì lé ní 50 tó kú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, Cornelia Prüfer-Storcks, ẹni tó ń bójú tó ètò ìlera ní ìlú Hamburg, jáde sí àwọn oníròyìn. Ó ní láàbù ti rí EHEC, ìyẹn irú kòkòrò E. coli tó ń pèsè májèlé, lára kùkúmbà mẹ́rin, àti pé mẹ́ta nínú wọn wá láti Sípéènì.

Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Kó tó di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan kùkúmbà mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Sípéènì ń da irè oko wọn nù; wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 yúrò ni àwọn ń pàdánù lọ́sẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31, Hamburg tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yẹ kòkòrò ara kùkúmbà náà wò dáadáa. E. coli ni lóòótọ́, jíìnì májèlé wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pa ènìyàn. Èyí tó ń pa ènìyàn ń jẹ́ O104:H4, àwọn méjèèjì ò sì bára tan tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Hamburg sọ èyí, Rọ́ṣíà ní kí ẹ̀fọ́ tútù kankan má ṣe wọlé mọ́ láti gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wọ́n ti ta kùkúmbà ní orúkọ, ó tán.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Níbí yìí, ọjọ́ márùn-ún péré ni òtítọ́ lò kó tó bá ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ó pẹ́ jù. Èyí tó wá ń dùn wá jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò purọ́. Láàbù rí ohun tó ní òun rí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sọ ohun tí láàbù sọ fún un.

Kí ló wá kan àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà nínú kùkúmbà àwọn ará Sípéènì? Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́ta kan ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù tí àwọn oníPOS fi ń gbowó, tí wọ́n fi ń sanwó. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gba owó, ẹ̀ẹ̀mejì ni báńkì yọ ọ́. Ariwo náà pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá ń pè, àwọn oníbàárà ń bú wa lórí Twitter. A kọ kóòdù kékeré kan láti fi yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ wò, kò tó ìṣẹ́jú méjìlá tó fi mú èsì jáde. Nọ́ńbà oníPOS kan ń yọjú ṣáá nínú rẹ̀. A tún wo àkáǹtì bàbá náà, a rí i pé ó ti gba owó iṣẹ́ ju iye tí a fọwọ́ sí lọ rí. Ẹ̀rí méjì! A ti àkáǹtì rẹ̀ pa, a sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó ti bá a ṣe owó lóṣù yẹn pé à ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin la tó mọ̀ pé kóòdù tiwa ló ń jẹ owó. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá fà, á tún ìbéèrè náà fi ránṣẹ́ láì wò ó bóyá ti àkọ́kọ́ ti wọlé. Nọ́ńbà bàbá ń yọjú nítorí pé ọjà rẹ̀ ló ń tà jù ní agbègbè tí nẹ́tíwọ̀kì ti burú jù. Owó tó gbà lé? Ó gbà á lóòótọ́. Kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà la ti ń ka gbogbo ohun tí a bá rí nípa ọ̀ràn Hamburg, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kùkúmbà kan kì í ṣe ohun kan. Ọjà ni. Àìmọye kòkòrò ló wà lára rẹ̀, ti inú ilẹ̀, ti inú omi, ti ọwọ́ ẹni tó já a, ti inú ọkọ̀ tó gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èyí tó lè pani lè má ju ẹyọ díẹ̀ lọ láàárín wọn. Nítorí náà, ohun tí láàbù sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọn gíráàmù 25 nínú oúnjẹ náà, wọ́n á rì í sínú omitooro tí kòkòrò fẹ́ràn, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. E. coli tó bá rí oúnjẹ tó wù ú lè di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: tí ẹyọ kan bá ń di méjì bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, á ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ń sá pamọ́ á wá di èrò.

Láyé àtijọ́, wọ́n á tún da omitooro yẹn sórí àwo, wọ́n á dúró kí ó hù, wọ́n á mú èyí tó jọ ọ̀daràn, wọ́n á tún gbìn ín lọ́tọ̀. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba márùn-ún. Ọ̀nà tó yá ni PCR, èyí tí Kary Mullis ronú kàn lọ́dún 1983, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 1993. Kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Abala DNA kan ló ń wá, tó bá sì rí i, á sọ ọ́ di méjì, á sọ ọ́ di mẹ́rin, á sọ ọ́ di mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìgbà ọgbọ̀n, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Láàárín wákàtí bíi mélòó kan, ẹ ti gba èsì: jíìnì májèlé Shiga wà níbí, tàbí kò sí.

Ohun àgbàyanu ni lójú wa, a ò ní tan ara wa. Àwa tí à ń kọ kóòdù fẹ́ràn ohun tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìdáhùn yẹn sọ gan-an. Ó ní jíìnì wà nínú ìkòkò. Kò sọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ti kòkòrò tó ti kú lánàá, nítorí DNA òkú náà ń jẹ́rìí bíi ti alààyè. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì tó máa ń gbé jíìnì náà kiri láti ara kòkòrò kan sí òmíràn ni wọ́n rí, tí kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ti ẹ̀rí méjì. Kí irú E. coli bẹ́ẹ̀ tó léwu gan-an, ó sábà máa ń nílò jíìnì májèlé, ó sì tún nílò òmíràn tó máa fi di ara ìfun mú. Tí PCR bá rí méjèèjì nínú omitooro kan náà, ọkàn ènìyàn á sáré parí ọ̀rọ̀. Ká ní ẹ gba ọjà Bódìjà kọjá ní ìdájí, kí ẹ rí ọ̀bẹ kan nílẹ̀, kí ẹ tún rí kọ́kọ́rọ́ ilé olówó kan nílẹ̀. Ẹ lè sọ pé ọlọ́ṣà kan ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó sì lè jẹ́ pé alápatà ló sọ ọ̀bẹ nù, tí olówó fúnra rẹ̀ sì sọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í fi gbẹ́jọ́ lẹ́nu PCR nìkan. Wọ́n á ní àwọn ń fura, wọ́n á wá lọ yọ kòkòrò kan ṣoṣo jáde láàárín èrò, wọ́n á wò ó bóyá ọwọ́ òun nìkan ni ohun méjèèjì wà. Iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ ọjọ́. Inú àwọn ọjọ́ yẹn ni ọ̀ràn Hamburg wà.

Àwa náà rí ọ̀bẹ, a rí kọ́kọ́rọ́. A ò wá ọlọ́ṣà mọ́.

Nígbà tí kùkúmbà ti jàre, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ènìyàn sì ń kú. Apá tó wú wa lórí jù ló tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn yunifásítì Hamburg-Eppendorf fi DNA kòkòrò náà ránṣẹ́ sí BGI ní ìlú Shenzhen ní Ṣáínà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kà á, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà pé kí ẹni tó bá lè ṣe é wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, àwọn kan ti to ègé DNA náà pọ̀. Wọ́n ṣí ojúewé kan lórí GitHub, bẹ́ẹ̀ ni, GitHub tiwa yìí, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń kọ ohun tí wọ́n rí sí i. Wọ́n rí i pé kòkòrò yìí kì í ṣe ọmọ ìdílé àwọn tó máa ń pèsè májèlé Shiga. Ìdílé mìíràn ló ti wá, ìdílé àwọn tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun ní ìṣù ìṣù, fáírọ́ọ̀sì kan ló wá gbé májèlé fún un. Abájọ tí ojú àwo tí àwọn láàbù ń lò láti fi mú ògbóǹtarìgì wọn àtijọ́, O157:H7, kò fi lè dá a mọ̀. O157:H7 kì í jẹ ṣúgà kan tó ń jẹ́ sorbitol. Èyí tuntun ń jẹ ẹ́ bí ọmọlúàbí.

Ó wú wa lórí gan-an ni, ṣùgbọ́n kò sọ oúnjẹ tó gbé e wọ̀lú. Ẹ lè mọ orúkọ ènìyàn àti ìdílé rẹ̀ dé ìran keje, kí ẹ má mọ ibi tó sùn lánàá.

Àwọn tó wá rí i, ìbéèrè lásán ni wọ́n fi rí i. Robert Koch Institute ti ń bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Tòmátì, kùkúmbà, sàláàdì ni wọ́n ń rántí. Ta ló máa rántí ẹ̀hù tín-ín-rín tí wọ́n wọ́n sórí oúnjẹ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Nígbà tó yá, wọ́n fi ti ìrántí sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ tó ti lọ jẹun pọ̀ ní ilé oúnjẹ kan, wọ́n wo ìwé tí wọ́n fi béèrè oúnjẹ, wọ́n wo fọ́tò tí wọ́n yà nídìí tábìlì, wọ́n bi alásè ohun tó fi sínú àwo kọ̀ọ̀kan àti iye tó fi sí i. Ẹ̀hù irúgbìn ló jáde. Fọ́tò oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lórí Instagram lónìí, ó ti ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́ rí.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ìjọba ìpínlẹ̀ Lower Saxony ní àwọn ń fura sí oko kan ní Bienenbüttel tó ń hu irúgbìn fún títà. Lọ́jọ́ kejì, èsì láàbù àkọ́kọ́ dé: nínú 40 tí wọ́n bù níbẹ̀, 23 ti jáde, kò sí kòkòrò kankan nínú wọn. Àwọn oníròyìn ní ó tún ti dé o, kùkúmbà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fura ló jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba jọ kéde pé ẹ̀hù ni. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ti tọpa rẹ̀ dé orí irúgbìn fenugreek kan tó wá láti Íjíbítì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Kùkúmbà, àyẹ̀wò ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì jàre. Ẹ̀hù, àyẹ̀wò oko ní rárá, ó sì jẹ̀bi.

Nígbàkúùgbà tí a bá sọ ìtàn yìí láàárín ara wa, àríyànjiyàn ló ń dà. Ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ ọmọ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé Hamburg ò ṣẹ̀. Ó ní: ká ní kùkúmbà ni lóòótọ́ ńkọ́, kí wọ́n wá jókòó ti àwo fún ọjọ́ márùn-ún kí ó tó hù, ta ló máa ka iye òkú? Àgbẹ̀ tó pàdánù owó lè rí owó padà. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ya ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 yúrò sọ́tọ̀ láti fi san díẹ̀ padà fún wọn. Kíndìnrín ò ní owó gbà-má-bínú.

A ò lè dá a lóhùn tán. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé "ẹ ṣe sùúrù" ni ìdáhùn gbogbo ọ̀ràn, ẹ lọ sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù tí ẹni kan ti ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí a ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí Hamburg sọ, tí wọ́n sọ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èkíní ni ìkìlọ̀: ẹ má jẹ èyí ná. Èkejì ni ẹ̀sùn: èyí ló ń pa yín. Ìkìlọ̀ lè dúró lórí ìfura, ohun tí ìfura wà fún nìyẹn. Ìyá tó bá sọ pé "má jẹ ẹ̀wà yẹn, ó ti ń kan" kò nílò láàbù. Ẹ̀sùn ò lè dúró lórí rẹ̀, torí pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní orúkọ, ó ní orílẹ̀-èdè, ó ní ìgbèsè ní báńkì. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ tó yá kàn jẹ́ kó rọrùn láti gbọ́ ti ẹnìkan kíákíá ni. Wọ́n lè sọ pé: "A rí irú E. coli kan lára kùkúmbà mẹ́rin. A ò tíì mọ̀ bóyá òun ni à ń wá. Ẹ má jẹ kùkúmbà títí a ó fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ẹ̀mí tí ìyẹn máa dáàbò bò kò dín kù.

Ọmọ nọ́ọ̀sì wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé a rò pé ìwé ìròyìn máa gbé gbólóhùn kejì yẹn jáde? Pé àwọn ènìyàn máa gbọ́ "kùkúmbà" àti "Sípéènì," ohun yòókù á dà nù bí omi ìṣanwọ́. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ṣì gbà pé ọ̀tọ̀ ni kí àwọn ènìyàn da ìdajì ọ̀rọ̀ wa nù, ọ̀tọ̀ ni kí á má sọ ọ́ rárá.

Ohun mìíràn wà tí a ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ara rẹ̀ nígbà tó bá ra ẹ̀rọ tuntun. Láyé ìgbà tí àyẹ̀wò ń gba ọjọ́ márùn-ún, kò sí àǹfààní láti sọ ìdajì ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ìdajì ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó yá ló fún wa ní nǹkan tí àwọn tó ṣáájú wa ò ní: wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ díẹ̀, tí a fi mọ̀ tí a ò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń gbé inú àkókò yẹn. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń dín ìṣẹ́jú méjìlá kù sí méjì. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn ò kọ́ wa ohun tó yẹ ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù ṣe.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bẹ bàbá oníPOS nílé. A mú owó lọ, ti ọjọ́ mẹ́rin tó fi pàdánù ọjà, a sì fi díẹ̀ lé e. Ó gbà á. Ó fún wa ní omi tútù. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé àwọn tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí nípa mi, ẹ ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí wọn?"

A ò tíì fi ránṣẹ́. Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Kóòdù tó ń fi ìfura ránṣẹ́ wà, a ti kọ ọ́ tipẹ́. Èyí tó ń fi ìdáláre ránṣẹ́ kò sí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la kọ ọ́. Ó rọrùn, kò ju ìlà ogójì lọ: gbogbo nọ́ńbà tó bá gba ìkéde àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ìkejì, ìkéde àkọ́kọ́ kò sì ní lọ rárá bí ẹni tó ń kọ ọ́ kò bá fi ohun tí a ò tíì mọ̀ sínú àpótí kan tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní àpótí náà máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa fà á.

A gba àdúgbò náà kọjá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bàbá ṣì wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ká owó ọjà rẹ̀ sínú àpò, ó sì gbé e sọdá títì lọ sọ́dọ̀ oníPOS kejì.